Bí Ọwọ́ Rẹ Bá Di Àgbà Mú, Má Kúnlẹ̀

Mọ́níyà,
Ìbàdàn.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ Àkànní,

Kí ìwé yìí bá ọ níbi tí ara ti tù ọ́, kó sì bá ọ ní ìjókòó, nítorí ó gùn. Èmi ìyá rẹ ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Wàá rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ kan ga, àwọn kan kúrú, bí ọmọ iléèwé tí wọ́n tò sórí ìlà láàárọ̀. O kúkú mọ̀ pé ìwé mẹ́rin ni mo kà kí wọ́n tó mú mi kúrò ní iléèwé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èyí tó kù, ìwọ lo kọ́ mi ní yàrá wa ní Agbowó, tí wàá máa fi rúlà kàn mí níka bí mo bá ṣì í kọ. Nítorí náà, bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, tísà mi ni kí o bá wí.

Ràṣídá ọ̀rẹ́ rẹ, tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní Ríìngì Róòdù, ló wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú. Mo fún un ní omi, ó mu ún tán, ó tún ń wo inú ife.

Mo ní, "Ràṣídá, kí ló dé? Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe Àbẹ̀kẹ́?"

Ó ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe é, Mà. Ó sá ni."

"Ó sá? Ta ló lé e?"

"Kò sí ẹni tó lé e, Mà. Ìyẹn gan-an ló ń dùn wá."

Ó wá rò fún mi. Ó ní o ń gbé arúgbó kan, Màmá Onílẹ̀kẹ̀, dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kí o lè gbé wọn jókòó sórí àga. Ó ní ọwọ́ rẹ méjèèjì wà ní ìbàdí wọn, ọwọ́ tiwọn sì wà ní èjìká rẹ, bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́. Ni Métírọ̀n, ọ̀gá yín, bá ṣílẹ̀kùn, àkọ́bí Màmá sì tẹ̀ lé e wọlé, bàbá tó ti hewú. O rí àgbà. O ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." O kúnlẹ̀. Ọwọ́ rẹ bá orúnkún rẹ lọ, Màmá Onílẹ̀kẹ̀ sì fi ìdí lọ sílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti àga.

Ó ní wọ́n gbé wọn lọ ya fọ́tò eegun, kò sí èyí tó ṣẹ́. Ìdí wọn wú, ìgbọ̀nwọ́ wọn bó. Ṣùgbọ́n ìwọ kò dúró gbọ́. Kí wọ́n tó dé láti ilé ìwòsàn, o ti gbé báàgì rẹ, o ti kọjá sí Apẹ̀tẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ kan tó ń kàwé níbẹ̀. Ràṣídá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni o sọ fún òun, pé ọwọ́ rẹ kì í ṣe ọwọ́ tó yẹ kó kan arúgbó.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ràṣídá sọ pé Métírọ̀n ò tíì fi ẹlòmíì dípò rẹ. Métírọ̀n ní òun á dúró dè ọ́ di àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òun á mú ẹlòmíì. Bí o ò bá padà lọ́jọ́ Ajé, ọmọ mi, mo mọ̀ ọ́, o ò ní wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Wàá gba iṣẹ́ mìíràn, wàá sì máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí arúgbó bá na ọwọ́ sí ọ lójú títì, wàá máa yà kúrò lọ́nà.

Ǹ bá wá fúnra mi. Bọ́ọ̀sì Mọ́níyà ò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi kò ṣeé dá fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ti rọ, ojú wọn ò sì ríran tó mọ́. Àbẹ̀kẹ́, ṣé o rí ọ̀rọ̀ tí mo kọ síbẹ̀ yẹn, "ọkọ mi"? Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ojú ṣì ń tì mí. Obìnrin tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyá àgbà, ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní Ìyàwó Tuntun! Bí mo bá ń lọ fa omi, wọ́n á ní, "Ìyàwó, ẹ kú ìrìn gẹ̀lẹ̀gẹ̀lẹ̀ o." Mo ń fi ìborùn bo ojú bí ọmọge. Ẹni tí irú ìtìjú yìí bá wà lára rẹ̀ kò lè jókòó síwájú ọmọ rẹ̀ kó sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìwé ló gbà á.

Jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn mí. Orúnkún tó tẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ni mo kọ́ ọ.

Ṣé o rántí ilé wa ní Agbowó? Yàrá kọjú sí yàrá, kànga wà láàárín àgbàlá, aṣọ gbogbo ilé wà lórí okùn kan náà. Kí o tó ti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi kànga láàárọ̀, wàá ti kúnlẹ̀ fún Bàbá Lańlọ́ọ̀dù, fún Ìyá Ẹlẹ́kọ, fún Bàbá Ẹ̀gbá tó ń fi pákó fọ eyín, fún gbogbo wọn. Korobá a wà lórí rẹ, wàá kúnlẹ̀ tòun ti korobá, omi kò ní dà. Bí o bá gbàgbé, ìka mi a ti wà lẹ́yìn orúnkún rẹ, tó! Wọ́n á ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ kọ́mọ yìí o." Inú mi a máa dùn bí ẹni tó lá oyin. Obìnrin opó ni mí, n kò ní ilé, n kò ní ilẹ̀, ìwà rẹ nìkan ni mo ní tí mo lè fi yangàn. Mo wá kọ́ ọ dé ibi tí orúnkún rẹ fi ń tẹ̀ kí ọkàn rẹ tó mọ̀.

Ẹ̀kọ́ rere ni, n kò kábàámọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ìdajì ni mo kọ́ ọ. Ìdajì kejì, ìgbà tí a kì í kúnlẹ̀, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, iṣẹ́ ló kọ́ mi, n kò sì ronú pé wàá nílò rẹ̀. Jẹ́ n fún ọ báyìí.

Èkínní. Bí ọwọ́ rẹ bá di àgbà mú, o ò ní orúnkún ìkíni mọ́. Kí ọba wọlé, kí pásítọ̀ wọlé, kí èmi ìyá rẹ wọlé, fi ẹnu kí wa, fi ojú kí wa, kí o sì máa di ohun tí o dì mú. Ìgbà tí o bá gbé wọn jókòó tán, tí ẹ̀yìn wọn kan àga, tí ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀, kí o wá kúnlẹ̀ kó tó ọ. Àgbà tó bá gbọ́n kò ní bínú. Èyí tó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Inú á rọ̀, eegun ìdí arúgbó kò yára jinná.

Sísítà, ọ̀gá wa ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Bódìjà, obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan báyìí tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ní ọ̀nà tó fi kọ́ wa. Bí wọ́n bá gba ọmọ iṣẹ́ tuntun, Sísítà á lúgọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ọmọ náà á fi gbé arúgbó dìde. Nígbà náà ló máa já wọlé gìrì: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi!" Ẹni tó bá tẹ orúnkún pẹ́rẹ́, òun ló máa fọ gbogbo póò ìgbọ̀nsẹ̀ ọjọ́ náà. Sísítà fúnra rẹ̀ á ti dúró sí ẹ̀yìn arúgbó kí a tó mọ̀, kí wọ́n má baà ṣubú. Mo fọ póò, ọmọ mi. Mo fọ póò títí àwọn arúgbó fi ń bá mi bẹ̀bẹ̀. Sísítà á ní, "Ìwọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló rán ọ níṣẹ́ ìkúnlẹ̀? Ṣé ilẹ̀ yìí ni o wá tọ́jú ni?" Ní ọjọ́ kan ó já wọlé, ó kí mi, mo dúró bí òpó. N kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Hẹn. Ó ti di èèyàn." Kò tún lúgọ dè mí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ṣé o ti wá rí i? Ohun tó ṣe ọ́ kì í ṣe ohun àjèjì. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá tọ́ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá ló ń ṣe é kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ìyàtọ̀ àárín èmi àti ìwọ ni pé èmi ní ẹni tó dúró lẹ́yìn arúgbó mi.

Èkejì. Orúnkún tí mo ní kó má tẹ̀ fún ìkíni, ibi gbígbé ni kí o ti lò ó. Má fi ẹ̀yìn gbé àgbà, ẹ̀yìn kì í ṣe kírénì. Fi ẹsẹ̀ kan síwájú, tẹ orúnkún díẹ̀, fà wọ́n mọ́ra, kí o sì sọ fún wọn kí o tó gbé wọn: "Mà, a fẹ́ dìde o. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta." Bí ẹ bá jọ kà á, ẹ ó jọ dìde. Arúgbó tí o kò sọ fún kì í bá ọ dìde, ṣe ló máa fà ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ àga onítáyà ni, bíréékì ni kí o kọ́kọ́ tẹ̀ kí o tó wo ojú ẹni tó máa jókòó síbẹ̀. Bí omi bá wà nílẹ̀, má ní ẹni tó ń nu ilẹ̀ ń bọ̀. Ìwọ lo rí i, ìwọ ni ẹni tó ń nu ilẹ̀.

Omi mú mi rántí ìwẹ̀. Kí n tó wọ Bódìjà, àkàrà ni mò ń dín ní ẹnu ọ̀nà Agbowó, o rántí, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti máa ń tò láàárọ̀. Iná ti sè mí lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè ki ìka bọ epo gbígbóná yọ àkàrà tó jábọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo ṣe omi ìwẹ̀ fún ìyá kan, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo da igbá kan sí wọn lẹ́sẹ̀. Igbe tí wọ́n ké, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ ní Dùgbẹ̀! Ọwọ́ alákàrà kò mọ ohun tó gbóná. Sísítà fa apá mi, ó ki ìgbọ̀nwọ́ mi bọ omi náà, èmi náà ké. Láti ìgbà náà, ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi ń wo omi, ìyẹn náà ni kí o máa fi wò ó. Bí o bá sì ń wẹ̀ wọ́n, má tú wọn síhòòhò bí ẹni ń bó iṣu. Ibi tí o ń fọ̀ ni kí o ṣí, kí o bo ìyókù. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ti jẹ́ ọkọ, wọ́n ti jẹ́ ìyàwó, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ìhòòhò wọn láyé, ẹni náà sì ti lè kú.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Má bínú.

Oúnjẹ. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń rọ ọmọ ọwọ́ ní ẹ̀kọ nílé wa: ọmọ á dùbúlẹ̀ lórí itan, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ dá a lẹ́nu, a ó máa dà á, bó bá ké, á gbé e mì. Bí mo ṣe fẹ́ ṣe Bàbá Fọ́mànù, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó wa, nìyẹn. Wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja, mo ní kí n má yọ wọ́n lẹ́nu, mo gbé orí wọn lé apá, mo ń dà á. Ojú wọn yí, ètè wọn ń dúdú. Sísítà ló fò wọlé, tó gbé wọn jókòó, tó gbá wọn lẹ́yìn, tó yọ ẹ̀kọ náà kúrò. Nígbà tí Bàbá mí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni, "Ìyá ọmọ, ṣé o fẹ́ já mi lẹ́nu ọmú ni?" Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ló ń sunkún. Ọmọ mi, gbé wọn jókòó gbọn-in. Jẹ́ kí àgbọ̀n wọn wálẹ̀ díẹ̀. Ṣíbí kékeré, kí èyí tó wà lẹ́nu wálẹ̀ kí òmíràn tó lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ, má dá wọn dùbúlẹ̀ kíákíá.

Bàbá Fọ́mànù yìí kan náà ni o máa ń jókòó tì lábẹ́ igi máńgòrò ilé ìtọ́jú náà, bí o bá ti iléèwé dé. Mo mọ̀ pé o ò ní gbàgbé. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ rélùwéè rí, wọ́n ń fi kóró máńgòrò kọ́ ọ ní ìṣirò. Wọ́n á kó kóró jọ, wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, bí mo bá jẹ méjì nínú rẹ̀ ńkọ́?" Wàá ní, "Bàbá, kóró kì í ṣe jíjẹ." Inú wọn a dùn bí ẹni pé o gba ẹ̀bùn. Afẹ́fẹ́ a máa gbé òórùn pákó tútù wá láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Bódìjà, àwọn ìyá a máa bó ẹ̀gúsí pẹ̀lú rẹ, bí wọ́n bá bó ọ̀kan, ìwọ á bó mẹ́ta. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, a ó rìn lọ sílé, ìwọ níwájú, èmi lẹ́yìn, báàgì ìwé rẹ lórí mi. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ayé dùn. Mo rò pé ó kàn rẹ̀ mí ni.

Ilé ìtọ́jú Bódìjà náà ò sí mọ́. Àwọn ọmọ ẹni tó ni ín ta á, wọ́n wó o, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá nínú ọkọ̀, mo ṣì máa ń fi ojú wá igi máńgòrò náà, bí ẹni pé ó kàn rìn lọ síbì kan ni, tí á padà wá.

Jẹ́ n má sunkún sórí ìwé. Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kù, ó ṣe pàtàkì. Ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ, mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní Bódìjà, Ìyá Ìbejì méjì ló wà ní yàrá kan náà. Nọ́ọ̀sì gbé oògùn fún mi pé kí n bá òun gbé e fún Ìyá Ìbejì. Mo gbé e lọ fún èyí tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ti gbà á sọ́wọ́, wọ́n ti ń wá omi, kí Sísítà tó dé.

Ó ní, "Ìyá Ìbejì wo nìyí? Kí lorúkọ wọn?"

Mo ní, "Sísítà, ẹ̀rù ń bà mí láti bi wọ́n."

Ó ní, "Bó o bá fún wọn ní oògùn ẹlòmíì tí wọ́n kú, wàá pe orúkọ wọn níbi ìsìnkú, àbí?"

Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà láti sọ pé "Kí lorúkọ yín?" fún ẹni tó lè bí ìyá mi. Mo wá ronú títí mo fi rí ọ̀nà. Mo máa ń kúnlẹ̀ (ọwọ́ mi ò di nǹkan kan mú o), màá ní, "Màmá mi, orúkọ wo ni bàbá yín sọ yín lọ́jọ́ ìkómọ?" Háà! Ojú wọn a là. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n. Wọ́n á sọ orúkọ, wọ́n á sọ oríkì, wọ́n á sọ ẹni tó gbé wọn jó lọ́jọ́ náà. Ìwọ á ti mọ ẹni tó ni oògùn, àwọn náà á ti gba ọjọ́ ìkómọ wọn padà. Máa bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan bá sì rú ọ lójú nípa oògùn, gbé e padà fún nọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó gba ẹ̀bùn nítorí pé ó fi ìtìjú fún èèyàn lóògùn.

Bàbá tí apá ọ̀tún rẹ̀ bá rọ, má dúró kó fi ọ̀tún gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ. Ebi lè máa pa á torí pé ojú ń tì í láti na òsì sí ọmọ tó ń kúnlẹ̀. Ìwọ ni kí o fi òsì tìrẹ gbé e fún un, kí o ní, "Bàbá, òsì ló yá lónìí." Ojú ò ní tì í mọ́. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́, máa yí i padà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà di egbò, kí o sì máa wo awọ rẹ̀ bí ẹni ń wo àgbàdo tó ń gbó. Ohun tí o bá rí tó yàtọ̀, sọ ọ́. Má ní kì í ṣe iṣẹ́ rẹ. Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó kan ẹnì kan, fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí o bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èyí tó le jù ni mo fi pa mọ́ sẹ́yìn. Bí àgbà bá ṣubú, torí pé wọ́n á ṣubú, ọwọ́ rẹ kọ́, ọwọ́ ẹlòmíì kọ́, wọ́n á ṣáà ṣubú lọ́jọ́ kan, má fà wọ́n dìde. Jókòó sílẹ̀ tì wọ́n. Pariwo pe nọ́ọ̀sì. Fi aṣọ bo ẹsẹ̀ wọn. Bá wọn sọ̀rọ̀ títí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ọ́ á fi dé, kí o sì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ràṣídá sọ fún mi pé o ṣe gbogbo ìyẹn. Ó ní o jókòó sílẹ̀, o gbé orí Màmá lé itan, o sì fi ẹnu ara rẹ sọ fún Métírọ̀n pé, "Èmi ni. Mo kúnlẹ̀." Àbẹ̀kẹ́! Àwọn tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù ọ́ ti fi irú rẹ̀ parọ́. O ṣe èyí tó le, o wá sá fún èyí tó rọrùn, ìyẹn kí o padà wá sọ pé, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́."

Torí ẹni tó ṣubú náà ń béèrè rẹ. Ràṣídá ní nígbà tí wọ́n gbé Màmá Onílẹ̀kẹ̀ dé láti ibi fọ́tò, wọ́n wo yàrá yíká. Wọ́n ní, "Ọmọ onírùngbọ̀n mi tí ẹ ń wò yìí, tó ní òun wá kí mi, òun ló jẹ́ kí n ṣubú. Ibo ni ọmọ tó kúnlẹ̀ wà?" Àwọn òṣìṣẹ́ ní ó ti lọ. Màmá ní, "Ó kí ọmọ mi, kò kí èmi. Ẹ bá mi pè é kó wá parí ìkíni rẹ̀." Láti ìgbà náà, bí ẹlòmíì bá fẹ́ gbé wọn dìde, wọ́n á ní kó má fọwọ́ kan àwọn, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ọwọ́ rẹ, tí o ní kò yẹ kó kan arúgbó, òun ni arúgbó ń dúró dè lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ku ohun kan, òun ló jẹ́ kí n pa ọ̀rọ̀ "ọkọ mi" rẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

O ò bi mí rí bí èmi àti ọkùnrin yìí ṣe pàdé. O wá sí Mọ́níyà lẹ́ẹ̀kan, o kúnlẹ̀ fún un ní ẹnu ọ̀nà, o ní "Ẹ ǹlẹ́, sà," o ò jẹun, o wọ bọ́ọ̀sì padà. Mo mọ̀ pé o rò pé mo ti gbàgbé bàbá rẹ. Àkànní ò ṣeé gbàgbé, bí o bá ń rẹ́rìn-ín, òun ni mò ń rí. Ṣùgbọ́n gbọ́.

Kí wọ́n tó ta ilé Bódìjà, nígbà tí ara rẹ̀ ti ń là, wọ́n pe bíríkìlà kan wá tún ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe. Mò ń mú ìyá kan rìn lọ síbi tí oòrùn wà. Bíríkìlà náà dìde, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá." N kò dá a lóhùn. Ó tún un sọ. N kò wo apá ibẹ̀. Mo mú ìyá náà dé orí àga, mo wo ẹ̀yìn wọn, mo wo ẹsẹ̀ wọn, mo bò wọ́n láṣọ. Nígbà tí mo yíjú, ọkùnrin náà ṣì dúró, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, sìmẹ́ǹtì ti ń gbẹ lórí ọkọ́ ìrẹ́lé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú, ọwọ́ mi dí."

Ó ní, "Mo rí i. Mo ní ìyá nílé."

Ohun tó so wá pọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ẹwà, kì í ṣe owó. Kíkí tí n kò kí i ni.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, wọ bàtà rọ́bà rẹ, tò sí ìdí bọ́ọ̀sì, kí o lọ sí Ríìngì Róòdù. Kúnlẹ̀ fún Métírọ̀n, kúnlẹ̀ fún Màmá Onílẹ̀kẹ̀, kí o sì kí wọn kó tán pátápátá. Lẹ́yìn náà, dìde, fọ ọwọ́ rẹ, gbé wọn jókòó.

Bí ìsinmi rẹ bá sì dé, wá sí Mọ́níyà, kí o dúró jẹun lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn kí wọ́n mú wọn rìn lọ sábẹ́ igi ọsàn lójoojúmọ́, apá mi nìkan kò sì tó mọ́. Mo fẹ́ kí o bá mi di ẹ̀gbẹ́ kan mú. Mo ti sọ fún ọkọ mi lánàá. Mo ní, "Tó bá ṣe pé ìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ di Màmá mú lẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní kúnlẹ̀ kí yín o. Kò ní wo apá ọ̀dọ̀ yín. Ẹ má ka á sí àìlẹ́kọ̀ọ́."

Ó ń fọ ọwọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ọmọ tó bá di ìyá mi mú, ó ti kí mi."

Èmi ni ìyá rẹ, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tú lára rẹ,

Àdùnní.